Láptọ́ọ̀pù yín ti ń falẹ̀: ṣé RAM ẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó?

Tí láptọ́ọ̀pù bá ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn tó wá ń falẹ̀, ohun táwọn èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé kó lọ fi RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) kún un. Nígbà míì òótọ́ ni, ẹ̀rọ náà á jí pépé. Nígbà míì sì rèé, owó yẹn ti wọgbó nìyẹn, torí pé ibòmíì ni ìṣòro ẹ̀ wà. RAM tẹ́ ẹ bá fi kún un ò lè ṣe nǹkan kan tí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò bá tíì kún, torí náà ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó kún lóòótọ́.

Ẹ ṣí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ máa ń lò lójúmọ́, ẹ má dín in kù o, Chrome pẹ̀lú gbogbo táàbù tẹ́ ẹ kì í pa dé, Word, WhatsApp, Zoom tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń ṣèpàdé, kẹ́ ẹ sì máa báṣẹ́ lọ fún bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á jáde, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory. Ká sọ pé 4GB lẹ ní, tẹ́ ẹ wá rí i pé In use ti dé 3.6GB, tí Committed sì kọ 6.1/7.9, ìyẹn ni pé ààyè táwọn ètò tẹ́ ẹ ṣí ń béèrè lọ́wọ́ Windows ti ju RAM yín lọ fíìfíì. Ohun tí Windows wá máa ń ṣe ni pé á máa kó lára ẹ̀ lọ pa mọ́ sórí dísíìkì tí fáìlì yín wà, tẹ́ ẹ bá tún padà sí táàbù yẹn á sáré lọ kó o wá, dísíìkì ò sì lè yá bíi RAM láéláé, pàápàá háàdì dísíìkì àtijọ́ tó ń yí bírí nínú ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa tẹ nǹkan kan tí ojú ẹ̀rọ á dúró gbagidi tí iná dísíìkì á máa ṣẹ́jú. Tó bá jẹ́ ohun tẹ́ ẹ rí nìyí, RAM yín kéré, kò sí àní-àní.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní 8GB tó ń lo nǹkan bíi 4.5 péré, ẹ fi RAM sílẹ̀ jàre. Kí Cached tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ má sì dẹ́rù bà yín, Windows kàn ń fi ibi tó ṣófo tọ́jú nǹkan tó rò pé ẹ ṣì máa lò ni, tí ètò míì bá fẹ́ ibẹ̀ á kúrò fún un. Iye tó wà lábẹ́ Available ni kẹ́ ẹ máa wò.

Kẹ́ ẹ tó pa ojú ìwé yẹn dé, ẹ tẹ Disk náà wò. Tó bá ń wà ní 100% ṣáá tí Memory sì ṣì láyè, tí dísíìkì yín sì jẹ́ háàdì dísíìkì (Windows 10 sí òkè máa ń kọ HDD, ìyẹn háàdì dísíìkì, tàbí SSD, ìyẹn dísíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, síbẹ̀), SSD lẹ máa rà, ẹ má wulẹ̀ náwó RAM. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí gan-an torí pé ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ní 8GB àti háàdì dísíìkì, tẹ́ ẹ bá sọ RAM ẹ̀ di 16GB, ó ṣì máa pẹ́ kó tó tàn, ètò ṣì máa pẹ́ kó tó ṣí, ṣùgbọ́n SSD nìkan máa yí i padà pátápátá. Tó bá sì jẹ́ CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) ló wà ní 100%, ẹ wo Processes kẹ́ ẹ rí ohun tó ń jẹ ẹ́, ó lè jẹ́ antivirus méjì tó ń bára wọn jà, ó sì lè jẹ́ eruku tó ti dí fáànù ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń gbóná tó sì ń dín eré ara ẹ̀ kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Mac, Activity Monitor ni tiyín, ẹ wo Memory Pressure: àwọ̀ ewé ò léwu, yẹ́lò ni pé ó ti ń há, pupa ni pé ó ti kún. Lórí Linux, ẹ kọ free -h sí terminal, ẹ wo available àti swap (ibi orí dísíìkì tó ń kó nǹkan sí tí RAM bá ń kún).

Ó wá ku bóyá láptọ́ọ̀pù yẹn gba RAM míì. Ojú ibi Memory yẹn kan náà ló wà: tí Slots used bá kọ 1 of 2, ihò kan ṣófo, tí Form factor bá sì kọ SODIMM, èyí tó ṣeé yọ ni. Tó bá kọ Row of chips, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe. Gbogbo MacBook Air bẹ́ẹ̀ náà ni, àti MacBook Pro tó ní Retina láti 2012. Àwọn kan wà tí wọ́n jó ọ̀kan mọ́ ọn tí wọ́n sì fi ihò kan sílẹ̀, torí náà ẹ ka ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá dáadáa, ibẹ̀ náà lẹ ti máa mọ iye tó lè gbà mọ.

Oríṣi RAM náà ṣe pàtàkì. DDR3 ò lè wọ ihò DDR4, ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀, eyín DDR3 ti láptọ́ọ̀pù jẹ́ 204, ti DDR4 jẹ́ 260. Èyí tó máa ń tan èèyàn ni DDR3 àti DDR3L torí pé wọ́n jọra, àmọ́ 1.5V ni DDR3 ń lò, 1.35V ni DDR3L, àwọn láptọ́ọ̀pù kan ò sì ní tàn rárá tẹ́ ẹ bá ki DDR3 gidi sí wọn, bíi àwọn tó ń lo Intel ìran kẹrin. Ẹ yọ tinú ẹ̀ kẹ́ ẹ ka ohun tó wà lára ẹ̀, tó bá kọ PC3L-12800, PC3L náà ni kẹ́ ẹ rà. Tí eré RAM tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ ò bá dọ́gba, eré èyí tó lọ́ra ni wọ́n jọ máa sá. Ẹ sì yẹ About wò nínú Settings, tó bá jẹ́ Windows 32-bit lẹ ń lò, 4GB ni òpin ẹ̀, kò ní í lo èyí tó bá lé.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, láti 4GB sí 8GB lẹ ti máa rí ìyàtọ̀ jù. 16GB ò burú fẹ́ni tó ń ṣe fídíò tàbí tó ń lo virtual machine (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà), ẹni tó kàn ń kọ̀wé tó ń wo YouTube ò nílò ẹ̀.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà. Microsoft ò ṣe àtìlẹ́yìn Windows 10 mọ́ láti October 14, 2025, Windows 11 sì ń fẹ́ TPM 2.0 (ohun ààbò kan nínú ẹ̀rọ) àti CPU tí kò tíì pẹ́ jù, fún Intel ìran kẹjọ sókè ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí RAM tó lè yí ìyẹn padà. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán láti lo Linux, ẹ máa bá a lọ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí báàtírì náà ti kú, tí ojú ẹ̀ ti ń ya, ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, tó bá ti lé ní ìdajì owó láptọ́ọ̀pù míì tó dáa, ẹ má ná an.

Tẹ́ ẹ bá ti pinnu, ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ ṣájà àti báàtírì, ẹ fọwọ́ kan irin kí iná ara yín má bàa ba RAM jẹ́. Ẹ dagun ẹ̀ díẹ̀ wọ inú ihò títí eyín góòlù yẹn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àwọn irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á dún kà. Tí ojú ẹ̀ ò bá tàn tàbí tó ń ké píì-píì, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún un kì, kò wọlé dáadáa ni. Tó bá tàn, ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ mdsched, kó yẹ RAM náà wò. RAM àtijọ́ àti rìsíìtì èyí tẹ́ ẹ rà, ẹ má sọ ìkankan nù títí tó fi máa yẹ̀ ẹ́ wò tán láìrí àléébù.