Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Padà Sí Pápá Ìhìnrere Ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Ìrìn àjò àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń múra sílẹ̀ fún dáadáa. Wọ́n á gbààwẹ̀, wọ́n á kọ́ àwọn tí ó ń lọ ní ìṣe àti èdè àwọn ènìyàn ibẹ̀, wọ́n á sì yẹ ìwé wọn wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì tàbí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìmúrasílẹ̀ náà á dín kù, nítorí pé olúkúlùkù gbà pé òun ti mọ ibẹ̀. Inú "mo ti mọ ibẹ̀" yìí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ ti ń wá. Ẹni tí ó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ni òun, nítorí náà yóò béèrè kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tí ó ń padà lọ ni kì í béèrè mọ́.

Ẹ má ṣe padà lọ bí ẹni pé ibi tí ẹ bá àwọn ènìyàn náà dé ni wọ́n ṣì wà. Láàárín ọdún méjì péré, àgbà ìjọ lè ti kú, ìjọ lè ti pín sí méjì, ọmọdékùnrin tí ń gbé àga ní ìpàdé yín lè ti di ẹni tí ń wàásù. Mo padà sí abúlé kan lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa, mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́, mo sì ń pe orúkọ ìyá tí ó máa ń gbà wá sílé. Ọkọ rẹ̀ ni ó jáde. Ó kí mi, ó gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní àga, kò sì sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ́ kan ni ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ó sọ fún mi pé ìyá náà ti kú láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, n kò kọ lẹ́tà kankan sí wọn, n kò sì fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni padà lọ láìjẹ́ pé ó ti bá ẹni tí ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́ títí, kí ó béèrè ẹni tí ó kú, ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí kò wá sí ìjọ mọ́ àti ìdí tí kò fi wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá débẹ̀, ẹ fi ṣe ìkíni àti ìbánikẹ́dùn. Ìpàdé ìsọjí lè dúró.

Àṣìṣe tí ó wúwo jù, ní èrò tèmi, ni kí ẹni tí ó padà lọ tún gba iṣẹ́ mọ́ àwọn tí ó fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ẹ wo ohun tí Pọ́ọ̀lù ṣe nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 14. Wọ́n ti sọ ọ́ ní òkúta ní Lísírà títí wọ́n fi rò pé ó ti kú, síbẹ̀ ó padà sí Lísírà, Ìkóníónì àti Áńtíókù. Nígbà tí ó padà, ó mú ọkàn àwọn ọmọ ẹ̀yìn le, òun àti Bánábà yan àwọn alàgbà fún wọn nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbàdúrà pẹ̀lú ààwẹ̀, wọ́n fi wọ́n lé Olúwa lọ́wọ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ìpadàbọ̀ náà fi kún agbára àwọn ará ibẹ̀. Tiwa kì í sábà rí bẹ́ẹ̀: a ó dé ní ọjọ́ Ẹtì, ní ọjọ́ Àìkú a ti wà lórí pẹpẹ, olùṣọ́-àgùntàn tí ó ti ń bọ́ ìjọ náà láti ọdún mẹ́ta wá á sì di ògbufọ̀ wa. Tí kò bá bẹ̀ yín pé kí ẹ wàásù, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ìwàásù rẹ̀. Tí ẹ bá rí ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn nínú ìtọ́jú ìjọ, òun nìkan ni kí ẹ sọ ọ́ fún, ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìtàn ti fi ibi tí àìbọ̀wọ̀ fún àwọn olórí ìbílẹ̀ máa ń já sí hàn wá. Henry Venn, tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1841 títí di 1872, kọ́ni pé ìjọ tí a bá dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lè bọ́ ara rẹ̀, kí ó ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì lè tan ìhìnrere kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tirẹ̀ ni a ya Samuel Ajayi Crowther sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ṣùgbọ́n ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé sí pápá Niger, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ Crowther lẹ́bi, wọ́n sì lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó kú ní oṣù Kejìlá 1891. Ní 1892, àwọn ìjọ Niger Delta kúrò lábẹ́ àkóso ẹgbẹ́ náà, wọ́n dá dúró. Àwọn ọ̀dọ́ náà gbàgbọ́ pé ìwà mímọ́ ni àwọn ń jà fún, ìyẹn gan-an ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ owó àti ìlérí ni ó tẹ̀lé e. Ọjọ́ ìdágbére máa ń múni sọ ohun tí apá kò ká: "A ó padà wá, a ó kan páànù sórí ilé ìjọsìn yìí." Ẹni tí ó sọ ọ́ lè gbàgbé kí ọkọ̀ òfúrufú tó gbéra, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ ọ kò ní gbàgbé. Ẹ má ṣe padà dé láìmẹ́nu ba ìlérí tí ẹ kò tíì mú ṣẹ, kí ẹ máa retí pé ẹnikẹ́ni kò ní béèrè. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù yí ètò ìrìn àjò rẹ̀ sí Kọ́ríńtì padà, tí ó sì di ẹ̀sùn pé kò dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó kọ ìwé sí wọn, ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní gbangba. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé. Bákan náà, ẹ má ṣe ti owó sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín àtijọ́ ní ìkọ̀kọ̀ nítorí pé òun ni ó gbọ́ èdè yín. Owó kékeré tí ó bá gba ọwọ́ ẹnìkan kọjá lè dá ìjà tí yóò pẹ́ ju owó náà lọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn alàgbà mọ̀, kí iye rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀, kí àwọn fúnra wọn sì sọ ohun tí wọ́n nílò, nítorí pé ohun tí wọ́n nílò ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè má jẹ́ ohun tí wọ́n nílò báyìí.

Ní ti ìwé ìrìnnà, ẹ má ṣe gbára lé ohun tí ẹ lò nígbà àkọ́kọ́. Òfin físà máa ń yí padà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ń fẹ́ kí páṣípọ́ọ̀tù ṣì ní oṣù mẹ́fà kí ó tó kú. Ẹ má ṣe fi físà ìgbafẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ ìwàásù níbi tí òfin ti ya físà òṣìṣẹ́ ẹ̀sìn sọ́tọ̀, bí irú R-1 ní Amẹ́ríkà. Irọ́ ni níwájú ìjọba, àwọn ará ibẹ̀ tí ó gbà yín sílé ni yóò sì jìyà rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ.

Ní ti ìlera, ìpadàlọ ní ewu tirẹ̀. Ara ẹni tí ó ti gbé pẹ́ níbi tí ibà pọ̀ sí máa ń ní agbára díẹ̀ láti bá a jà, ṣùgbọ́n agbára náà máa ń dín kù bí ó bá ti kúrò níbẹ̀. Nítorí náà ni ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó ní òun kò nílò oògùn ìdènà tàbí àwọ̀n ẹ̀fọn, fi lè dùbúlẹ̀ àìsàn kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ní ti ibà pọ́njú, láti oṣù Keje 2016 ni òfin Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, nítorí náà yẹ́lò káàdì àtijọ́, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹni ti gba abẹ́rẹ́ náà, ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ọdún mẹ́wàá tí a kọ sí i bá tilẹ̀ ti kọjá. Ẹni tí kò tíì gbà á rí gbọ́dọ̀ gbà á ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, torí pé ìgbà náà ni káàdì rẹ̀ tó di èyí tí òfin gbà. Kí òṣìṣẹ́ Ọlọ́run má ṣe ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́.

Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ nípa àwòrán. Ọmọ tí ẹ yà ní àwòrán láìwọ bàtà ní ìgbà àkọ́kọ́ ti dàgbà, ó sì lè rí ara rẹ̀ lórí ìwé tí ẹ fi ń tọrọ owó. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ òbí rẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ fẹ́ kọ sí abẹ́ àwòrán náà hàn wọ́n. Níbi tí yíyí ẹ̀sìn padà ti lè fa ewu, ẹ má ṣe fi ojú, orúkọ tàbí àdúgbò ẹnikẹ́ni hàn rárá, bí ẹni náà tilẹ̀ ní kò sí wàhálà.

Àkókò tún wà tí kò yẹ kí a lọ rárá. Bí ìjà bá wà láàárín ẹ̀yin àti àwọn aṣáájú ìjọ náà, tí ẹ kò sì tíì yanjú rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ojú yín tí wọ́n bá rí yóò pa á rẹ́. Pọ́ọ̀lù pinnu pé òun kò ní tún fi ìbànújẹ́ lọ sí Kọ́ríńtì, ó fi lẹ́tà ṣáájú. Nígbà tí ọ̀nà Tẹsalóníkà dí mọ́ ọn, ó rán Tímótì, òun nìkan dúró ní Áténì. Tímótì ni ó padà mú ìròyìn wá pé ìgbàgbọ́ wọn kò yẹ̀, àti pé àwọn náà ń fẹ́ láti rí i.