Kí Abẹ Tó Kan Imú: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tí Ó Ń Ro Iṣẹ́ Abẹ Ihò Imú àti Ṣóńṣó Imú ní Èkó

Kí ẹ tó wá dókítà kankan lọ, ẹ ní kí ẹnìkan dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí yín, kí ó ya fọ́tò ojú yín láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì gbé orí sókè kí ó lè ya ìsàlẹ̀ imú. Fọ́tò tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà máa ń parọ́ mọ́ imú. Nínú ìwádìí kan tí àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí kámẹ́rà bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré sí ojú, ìsàlẹ̀ imú máa ń hàn bí ohun tí ó fẹ̀ ní nǹkan bí 30 nínú 100 ju bí ó ṣe máa rí ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Mo mọ ọmọbìnrin kan ní Yábàá tí ó ti ń tọ́jú owó pamọ́ nítorí pé ihò imú rẹ̀ fẹ̀ jù lójú rẹ̀. Nígbà tí a ya fọ́tò rẹ̀ báyìí, tí ó wò ó títí, kò sọ pé òun kò ní ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé ihò imú kọ́ ni ó ń bí òun nínú, bí kò ṣe ṣóńṣó rẹ̀ tí ó rọlẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ abẹ ihò imú, ọ̀tọ̀ sì ni ti ṣóńṣó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni àwọn ènìyàn ń pè wọ́n. Nínú ti ihò imú, dókítà máa ń gé ègé awọ tín-ín-rín kan kúrò níbi tí ògiri ihò imú ti so mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí ní ẹnu ọ̀nà ihò náà, tàbí ní ibi méjèèjì, yóò sì rán an padà kí ìsàlẹ̀ imú lè sún pọ̀. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Robert Weir, kọ nípa irú gígé yìí ní 1892, oríṣiríṣi rẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe títí di òní. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan, abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibẹ̀ kú sábà máa ń tó, iṣẹ́ náà kì í sì í ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, tí aláìsàn á fi padà sílé lọ́jọ́ náà. Àpá rẹ̀ máa ń fara pamọ́ sínú ìlà tí ó wà láàárín imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kékeré tí iṣẹ́ náà dà bí ẹni pé ó jẹ́ yìí ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Mìlímítà díẹ̀ ni gbogbo ohun tí à ń sọ. Bí wọ́n bá gé e jù, ihò imú lè há, kí èémí má ráàyè kọjá dáadáa, tàbí kí ẹnu ihò náà padà ṣe ṣóńṣó lápá kan, tí ẹni tí ó bá rí i lókèèrè yóò fi mọ̀ pé abẹ ti kan ibẹ̀. Èyí tí wọ́n kò gé tó ṣeé tún gé, ṣùgbọ́n àtidá èyí tí wọ́n gé jù padà ṣòro púpọ̀. Dókítà tí ó bá ní kí a gé díẹ̀ ná ni kí ẹ fẹ́ràn, kódà bí ó bá tilẹ̀ ṣe yín bí ẹni pé owó yín kò ní rí iṣẹ́ tó pọ̀ ṣe.

Ti ṣóńṣó imú kì í ṣe ọ̀rọ̀ awọ nìkan. Ẹ fi ìka tẹ orí imú yín wò: ohun tí ó ń ta padà lábẹ́ ìka yẹn ni eegun rírọ̀ méjì, irú èyí tí ó wà ní etí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ̀ yí ihò kan ká. Dókítà lè fi òwú so wọ́n mọ́ ara wọn kí orí imú lè mú, ó lè gé díẹ̀ kúrò lára wọn, ó sì lè fi eegun rírọ̀ mìíràn ṣe òpó sábẹ́ wọn, èyí tí yóò mú láti inú ògiri tí ó pín ihò imú níyà, tàbí láti etí, tàbí láti egungun ìhà. Láàárín àwa ènìyàn dúdú, òpó yìí ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ jù, nítorí pé awọ orí imú ọ̀pọ̀ nínú wa nípọn, eegun rírọ̀ abẹ́ rẹ̀ kò sì le. Bí wọ́n bá kàn ń gé eegun kúrò lábẹ́ irú awọ bẹ́ẹ̀, kò ní mú kí imú mú. Ṣe ni yóò rọlẹ̀ sí i, bí àtíbàbà tí wọ́n yọ òpó àárín rẹ̀. Iṣẹ́ yìí sábà máa ń gba oògùn tí ń múni sùn pátápátá, ó sì lè gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe méjèèjì, ẹ béèrè bóyá ṣóńṣó ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Bí ṣóńṣó bá ti ga sókè, ògiri ihò imú á fà tẹ̀ lé e, fífẹ̀ rẹ̀ á sì dín kù fúnra rẹ̀, débi pé ohun tí wọ́n máa gé níbẹ̀ lè kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àwọn ìyá wa ní ọ̀nà tiwọn. Ìyá àgbà tí ó bá ń wẹ ọmọ jòjòló yóò ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, yóò fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún imú ọmọ náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ọmọ á máa ké, àwọn ará ilé á ní kí ó tún fún un kí imú lè dìde. Wọ́n fún tèmi náà, ẹni tí ó bá sì rí mi mọ̀ pé kò dìde. Ìdimú oníke tí wọ́n ń tà káàkiri kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí ẹ bá ti yọ ọ́, eegun rírọ̀ á padà sí ipò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kún imú ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ imú di kékeré, bí oògùn náà bá sì bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, awọ imú lè kú, ojú sì lè fọ́. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ onísaluùnù.

Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Ní Èkó, ẹni tí ó wọ aṣọ funfun pọ̀, nítorí náà ẹ béèrè orúkọ dókítà náà ní kíkún, kí ẹ sì wádìí lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria bóyá ìwé àṣẹ rẹ̀ ti ọdún yìí wà. Ẹ wádìí bóyá oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ni, tàbí oníṣẹ́ abẹ etí, imú àti ọ̀fun tí ó kọ́ irú iṣẹ́ yìí. Àwọn ti àkọ́kọ́ ní ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ NAPRAS. HEFAMAA ni àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, ẹ wádìí ilé ìwòsàn náà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ lọ, ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara tí ẹ ti lè gba ìmọ̀ràn, bí ẹ tilẹ̀ máa tò pẹ́.

Èmi àti àbúrò mi lọ sí ibì kan ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wa. Mo béèrè ẹni tí yóò fún àbúrò mi ní oògùn oorun, ọmọbìnrin tí ó jókòó síbẹ̀ ní, "Ẹ má dààmú, Àǹtí, dókítà wa ló máa ń ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra wọn." A dìde. Wọn kò dá owó káàdì padà fún wa, mi ò sì bá wọn jà. Ẹni tí ó ń gé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò tún máa ṣọ́ èémí ẹni tí ó sùn. Ẹ tún béèrè fọ́tò imú àwọn ènìyàn dúdú tí dókítà yín ti ṣe, lẹ́yìn ọdún kan kì í ṣe lẹ́yìn oṣù kan, àti ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n máa gbé yín lọ bí nǹkan bá yíwọ́.

Ẹ sọ gbogbo òtítọ́ ara yín fún dókítà: jẹ́nótáìpù yín, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée, àti bóyá imú yín máa ń dí. Ẹ fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti lu etí yín. Bí àpá ibẹ̀ bá ga tí ó sì tóbi ju ojú ọgbẹ́ lọ, kẹ́lọ́ìdì ni, dókítà sì gbọ́dọ̀ rí i kí ó tó fọwọ́ kan imú. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ṣì ń dàgbà kò tíì tó ẹni tí ń ṣe é. Ẹ fi sìgá àti ṣíṣà sílẹ̀ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa dídá aspirin, ibuprofen, àgbo àti oògùn aáyù dúró, nítorí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà; oògùn tí dókítà mìíràn fún yín, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín.

Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ náà sí ìsinmi tí ẹ ní òde ńlá. Wọ́n sábà máa ń yọ òwú ojú awọ ní ọjọ́ 5 sí 7. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má fun ikun imú, bí ó bá sì fẹ́ sín yín, ẹ la ẹnu. Ẹ fi ìrọ̀rí méjì sùn, pẹ̀lú fáàǹù tàbí ohun tí ó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ, nítorí ooru àti ihò imú tí ó dí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ dé òkè imú, ẹ má gbé awò ojú lé e fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dúró, bí ibà bá dé, tàbí bí awọ ibẹ̀ bá ń dúdú, ẹ padà lọ lójú ẹsẹ̀.

Wíwú ṣóńṣó imú kì í tètè lọ. Bí awọ bá nípọn, ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àárọ̀ á sì máa wú ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Nítorí náà ni àwọn dókítà kò fi sábà gbà láti tún un ṣe kí oṣù 12 tó pé. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí ó kọ ohun tí wọ́n ṣe nínú imú yín àti ibi tí wọ́n ti mú eegun, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn, nítorí ẹni tí yóò tún un ṣe lè má jẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é.