Fílítà tó há sẹ́nu lẹ́ńsì mi

₦45,000 ni ọ̀gá kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe pè fún mi lórí lẹ́ńsì tí kò lárùn kankan nínú. Inú tó ń bí mi ni mo fi jókòó kọ èyí. Lẹ́ńsì náà já bọ́ lóòótọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ni fílítà, òrùka onígíláàsì tí gbogbo ayé ní kí á máa dè mọ́ ojú lẹ́ńsì kó lè dáàbò bò ó.

Ìgbéyàwó kan ni mo ń ya fọ́tò rẹ̀ ní Òkè-Ìléwó, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n ń náwó fún ìyàwó, agbo ti gbóná, mo ní kí n pààrọ̀ lẹ́ńsì, ni àǹtí kan tó ń jó bọ̀ bá fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lápá. Lẹ́ńsì bọ́, ó dojú bolẹ̀. Canon 50mm f/1.8 STM ni (STM ni orúkọ irú ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń gbé ojú rẹ̀ síwá sẹ́yìn), èyí tó jáde ní 2015, tó kún ọwọ́ àwa tí a ń ya fọ́tò òde ìnáwó, torí pé owó rẹ̀ ṣì ṣeé gbọ́ sétí, ó sì ń ríran dáadáa nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i, ohun kan náà ló ń sọ: "Ẹ dúpẹ́, fílítà ló gbà á sílẹ̀." Mo dúpẹ́. Mo fi lẹ́ńsì kejì parí iṣẹ́.

Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé ọpẹ́ náà ti yá jù. Gíláàsì fílítà ti fọ́ wẹ́wẹ́, èérún rẹ̀ sì jókòó sórí ojú lẹ́ńsì gan-an. Òrùka rẹ̀ ti tẹ̀ lápá kan, ó lẹ̀ mọ́ ẹnu lẹ́ńsì bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi. Mo yí i títí, kò tú.

Ìdí tí mo fi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yẹn nìyẹn: kó bá mi tú òrùka. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ti gba ₦3,000 owó àyẹ̀wò. Ó gbé lẹ́ńsì sọ́wọ́ lásán, ó yí rọ́bà ìta tí a fi ń wá fókọ́ọ̀sì kí àwòrán lè mú kedere, ó mi orí.

"Brọ̀dá, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ti kú. Ẹ wò ó, mò ń yí i, ojú rẹ̀ kò jáde, kò wọlé."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sórí kámẹ́rà wò ná."

Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ kámẹ́rà. Ibẹ̀ ló ti pe ₦45,000.

Ẹ gbọ́ o. Lẹ́ńsì 50mm ti tẹ́lẹ̀, èyí tí Canon gbé jáde ní 1990, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà líle, èèyàn lè fọwọ́ yí i kí ojú rẹ̀ sì rìn, kódà bó wà lórí tábìlì. STM kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tí ẹ ń yí lára STM kò so mọ́ ojú lẹ́ńsì rárá. Ńṣe ló ń ránṣẹ́ sí ẹ́ńjìnnì kékeré inú rẹ̀ pé kó gbé ojú síwájú tàbí sẹ́yìn. Láìsí bátìrì kámẹ́rà, ta ni yóò jẹ́ iṣẹ́ náà? Ẹ máa yí i títí di ọ̀la, kò ní mì. Lẹ́ńsì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí náà yóò "kú" lọ́wọ́ ọ̀gá yìí. Èèyàn mélòó ló ti san owó ẹ́ńjìnnì tí kò bàjẹ́ fún un? Mo gba nǹkan mi. Bí mo ṣe dé ìta ni mo so ó mọ́ kámẹ́rà mi, mo tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì: krr, fókọ́ọ̀sì mú àkọlé ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Ó ku díẹ̀ kí n padà wọlé lọ fi hàn án.

Wàyí o, òrùka. Ìmọ̀ràn tí ẹ óò gbọ́ káàkiri ni pé kí ẹ fi rọ́bà tí a fi ń di owó wé e, kí ẹ sì fi agbára yí i. Tí òrùka kò bá tẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti tẹ̀, bí ẹ ṣe ń fún un mọ́wọ́ tó ni yóò ṣe máa di ẹyin, tí yóò sì máa há sí i. Lára STM, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ibi tí fílítà wé mọ́ yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì ń gbé síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára lọ́ ọ, eyín wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń lọ́. Ìgbà yẹn ni ₦45,000 yóò wá di òótọ́.

Bàbá kan tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́ ló yá mi ní ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Mo fún un lówó, kò gbà á. Ó ní kí n ṣáà má fi ìkánjú ṣe é.

Mo tan kámẹ́rà, mo jẹ́ kí fókọ́ọ̀sì wá síbi tó sún mọ́ jù kí ojú lẹ́ńsì lè yọ jáde, mo wá yọ lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀, kí n lè ríbi dì mú. Mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo ń fi ìka gbá a jẹ́jẹ́ kí èérún gíláàsì máa bọ́ fúnra rẹ̀, mo sì fi rọ́bà ìfẹ́ eruku fẹ́ èyí tó kù. Aṣọ kò kàn án títí gbogbo rẹ̀ fi tán, torí èérún yẹn ló ń ha ojú lẹ́ńsì. Lẹ́yìn náà mo gé páálí róbótó, mo fi bo gíláàsì, mo fi ẹnu ẹ̀mú mú etí òrùka lódìkejì ibi tó ti tẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú, síhà àárín. Díẹ̀ díẹ̀. Òrùka fílítà kò nípọn, ó ń gbọ́ràn. Nígbà tó ká wọnú tó, ọwọ́ lásán ni mo fi tú u. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré wá láti kíṣìnnì.

Mo ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí a rà ní Ìtòkú sára ògiri, mo gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo yà á ní f/1.8, ìyẹn ibi tí ojú lẹ́ńsì ṣí dé jù, kí n lè mọ̀ bóyá gíláàsì inú rẹ̀ yẹ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́tò kì í mú tó àárín ní f/1.8, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Igun kan ṣoṣo tó bá burú ju mẹ́ta yòókù lọ ni ẹ óò máa wá, òun ló ń fi hàn pé gíláàsì inú ti yẹ̀. Tèmi dọ́gba.

Ní tèmi, n kò ra fílítà mọ́. Húùdù ni mo rà, òrùka gígùn tí a fi ń yí ẹnu lẹ́ńsì ká; ES-68 ni tèmi. Ara ìta lẹ́ńsì ló ń di mú, kì í ṣe ibi tó ń rìn, nítorí náà bó bá tún bọ́, húùdù ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a. Àwọn kan máa bá mi jà lórí èyí; tí ẹ bá ń ya fọ́tò létí òkun, ẹ de fílítà yín. Ẹnu lẹ́ńsì mi ṣì tẹ̀ díẹ̀, ìdérí rẹ̀ kò fẹ́ dúró lápá ibẹ̀, sẹ́lótéèpù ni mo ṣì fi ń lẹ̀ ẹ́ bí mo bá ń lọ sóde.