Bí Mo Ṣe Mú Àwọn Ọmọ Mi Lọ sí Ọjọ́ Eré Ìje Kẹ̀kẹ́ ní Herne Hill

Ilé wa ní Peckham kò jìnnà sí pápá eré ìje kẹ̀kẹ́ tí ó wà ní Herne Hill, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni kò yà síbẹ̀ rí, bóyá nítorí pé ẹ̀yìn ilé àwọn ènìyàn ní Burbage Road ni ó fara pamọ́ sí. Ọdún 1891 ni wọ́n ti ṣí pápá náà, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti sá eré kẹ̀kẹ́ orí pápá nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1948. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọn yóò ṣe ọjọ́ eré ìje fún àwọn ará àdúgbò, tí àwọn ọmọdé pàápàá yóò sì láǹfààní láti gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, mo fi orúkọ àwọn ọmọ mi méjèèjì sílẹ̀: èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún 6. Ó dára kí òbí tètè fi orúkọ sílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́, láti orí àwọn tí kò tíì pé ọdún 8 títí dé orí àwọn tí kò tíì pé 16.

Irun ni mo kọ́kọ́ mójú tó. Ṣùkú tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ni ó wà lórí ọmọ mi obìnrin, kò sì sí bí àṣíborí ṣe lè jókòó dáadáa lórí ṣùkú. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo tú irun náà, mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kúrò, mo sì di kólẹ́sẹ̀ fún un, kí ìdí irun lè sọ̀ sí ìpàkọ́, kí orí sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó bẹ̀ mí títí pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi méjì sílẹ̀ fún mi," mo sì so ìlẹ̀kẹ̀ méjì mọ́ ìdí irun náà níbi tí àṣíborí kò dé. Ní ti àṣíborí fúnra rẹ̀, etí rẹ̀ iwájú kò gbọdọ̀ ga ju ìbú ìka méjì lọ sí irun ìpéǹpéjú. Okùn ọ̀tún àti ti òsì yẹ kí wọ́n pàdé lábẹ́ etí. Èyí tí ó gba abẹ́ àgbọ̀n sì yẹ kí ó fún mọ́ra débi pé ìka kan tàbí méjì péré ni yóò lè wọ ibẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti tirẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni dé fìlà lọ sí òde ìgbéyàwó, iwájú orí rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ láìbò.

Bọ́ọ̀sì 37 ni a wọ̀ lọ. Wọn kì í jẹ́ kí a gbé kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká wọ bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n èyí kò dí wa lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n ń yá àwọn ọmọ ní kẹ̀kẹ́ àti àṣíborí níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin ń kùn pé kẹ̀kẹ́ àyálò ni òun máa fi sáré, mo rán an létí Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà tí ó sá eré kẹ̀kẹ́ ní Òlíḿpíìkì Paris ní ọdún 2024: kò ní kẹ̀kẹ́ orí pápá tirẹ̀, àwọn ará Jámánì ni wọ́n yá a ní èyí tí ó gùn. Ìkùnsínú náà parí síbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ orí pápá kò ní bíréèkì, pẹ́dà rẹ̀ kì í sì í dúró níwọ̀n ìgbà tí táyà ẹ̀yìn bá ń yí. Ọmọ tí ó ti mọ́ lára láti ká ẹsẹ̀ dúró kí kẹ̀kẹ́ máa yọ́ lọ, jìnnìjìnnì yóò bò ó nígbà tí pẹ́dà bá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tipátipá. Olùkọ́ ibẹ̀ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn pé kí wọ́n máa wa ẹsẹ̀ lọ, kí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì di irin ẹ̀gbẹ́ pápá mú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dúró. Mo ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọ mi ọkùnrin bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ṣéènì, mo sì so okùn bàtà rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Àwọn tí wọ́n mú kẹ̀kẹ́ tiwọn wá ní láti jẹ́ kí adájọ́ wọ̀n ọ́n: ó ń fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn títí pẹ́dà yóò fi yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń wo ibi tí táyà dé, kí ó lè mọ̀ bóyá jíà rẹ̀ ti wúwo ju ohun tí orúnkún ọmọ tí ó ṣì ń dàgbà lè gbé lọ.

Ẹgbẹ́ tí ọmọ mi obìnrin wà kò gun orí pápá ńlá. Ilẹ̀ títẹ́jú tí ó wà láàárín ni wọ́n ti sáré, orí kẹ̀kẹ́ tí ó ní bíréèkì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ gun pápá ńlá, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 450, ó sì ṣe ipò kẹrin. Èrò mi ni pé kí ọmọ gùn ún ná kí ó tó jókòó wòran. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti rí bí ilẹ̀ ṣe dagun ní ibi tí pápá ti yí, tí ó sì ti mọ̀ pé ẹni tí kò bá sáré tó yóò máa sọ̀ kalẹ̀ ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè tí ó nítumọ̀ nípa àwọn àgbà tí wọ́n ń sáré.

Nínú gbogbo eré tí àwọn àgbà ṣe, èyí tí ó rọrùn jù fún ọmọdé láti tẹ̀ lé ni èyí tí wọ́n ti ń yọ ẹni tí ó bá kẹ́yìn kúrò ní ìgbà tí wọ́n bá ti kọjá ibi ìparí, títí yóò fi ku ìwọ̀nba díẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ mi fi mọ̀ pé ewu kò sí lọ́dọ̀ ẹni tí ó wà níwájú. Ọwọ́ ẹ̀yìn ni kí ojú máa wò, níbi tí ẹni tí àwọn yòókù há mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú pápá ti ń wá ọ̀nà àbáyọ. Àbúrò mú ẹnì kan tí ó wọ aṣọ pupa, ẹ̀gbọ́n mú ẹni tí ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ń pariwo títí ohùn fi há. Eré tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ lé alùpùpù kékeré tí wọ́n ń pè ní Derny dùn mọ́ wọn nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó gùn, àsìkò yẹn sì ni mo ṣí kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Itòsí ibi tí pápá ti yí ni a dúró sí. Ibi ìparí ni èrò pọ̀ sí jù, ọmọ kúkurú kò sì lè rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ẹ̀yìn àgbàlagbà lọ.

Kí a tó kúrò, mo lọ béèrè nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọdé, mo sì fi orúkọ ọmọ mi ọkùnrin sílẹ̀. Ti àbúrò rẹ̀ kò tíì yá: ó ní láti kọ́kọ́ lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo di kẹ̀kẹ́ mú, kí ó sì wo ẹ̀yìn láìyà kúrò ní ojú ọ̀nà, Peckham Rye Park sì tẹ́jú tó fún ìyẹn.