Bí Mo Ṣe Rí Ìparí Máàkù, àti £40 Tó Bá A Lọ

£40 ni mo san fún atọ́nà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ní òun máa mú mi dé ìdí "Bíbélì tó sọnù". Àṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wo ìwé náà ní British Library, ilé ìkàwé ńlá tó wà níbẹ̀! Ọkùnrin yìí kàn mú mi gba ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í ti í gba kọ́bọ̀ ni. N kò tíì ka owó ọkọ̀ ojú irin láti Manchester.

Àríyànjiyàn kíláàsì Bíbélì wa ló gbé mi débẹ̀. Bàbá Díákónì ní ẹni tó bá sọ pé Máàkù 16:9 sí 20 kò sí nínú àwọn ìwé àtijọ́ kan, ọ̀rọ̀ òdì ló sọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n lọ fojú ara mi rí i." Codex Sinaiticus, Bíbélì èdè Gíríìkì tí wọ́n fọwọ́ kọ ní ọ̀rúndún kẹrin, ọ̀kan lára àwọn ìwé àtijọ́ yẹn, ni mo ń wá.

Inú gíláàsì ló wà, wọ́n ṣí i sílẹ̀, kì í sì í ṣe Máàkù ni wọ́n ṣí. Atọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn Tischendorf, ọ̀mọ̀wé ará Jẹ́mánì, bó ṣe gbé ewé 43 lára ìwé náà kúrò ní ilé àwọn mọ́ńkì Saint Catherine ní Sinai ní 1844. Mo ti kà á nílé o!

Mo délé, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Àwọn apá ìwé náà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Leipzig ní Jẹ́mánì, Rọ́ṣíà àti Sinai, tó fi mọ́ àwọn ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní 1975, ti pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2009.

Ibi tí mo há sí rèé. Mo mọ Gíríìkì díẹ̀, mo sì ń fi í yangàn. Òpó mẹ́rin gbọọrọ lójú ewé kan, lẹ́tà ńlá ńlá tò tẹ̀lé ara wọn, kò sí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀. Mo ní kí n fi orúkọ Jésù ṣe àmì, mo ń wá ΙΗΣΟΥΝ. Aago mẹ́jọ alẹ́ di mọ́kànlá, n kò rí nǹkan kan. Iṣu tí mo gbé kaná jóná. Àṣé akọ̀wé kì í kọ orúkọ mímọ́ tán! Lẹ́tà méjì péré, ΙΝ, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí wọn. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti fojú fo ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, wẹ́rẹ́ ni. ΕΦΟΒΟΥΝΤΟ ΓΑΡ, "nítorí tí ẹ̀rù bà wọ́n", ẹsẹ 8, ó tán síbẹ̀. Lẹ́yìn àmì ìparí àti orúkọ ìwé Máàkù, ìyókù òpó náà ṣófo, Lúùkù sì bẹ̀rẹ̀ lókè òpó tó tẹ̀lé e. Igbe tí mo ké jí ìyàwó mi.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ wò ó, ẹ má fi ojú wá a bíi tèmi. Àyè wà lórí ìkànnì ìwé náà tí ẹ ti lè yan ìwé, orí àti ẹsẹ. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan nínú àdàkọ ẹ̀gbẹ́ àwòrán, yóò tọ́ka sí i fún yín lórí ewé. Aago méjìlá òru ni mo tó rí ìyẹn, nígbà tí iṣẹ́ ti parí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá Díákónì wo àwòrán náà lórí fóònù mi títí, wọ́n bọ́ awò wọn. "Ta ló sọ fún ẹ pé akọ̀wé náà kò gbàgbé?"