Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru: ẹ kọ́kọ́ wo ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sáré ra oògùn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà lóko, nọ́ọ̀sì ni mí, ohun tí mo sì máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ìyá ni "nọ́ọ̀sì, eyín ló fẹ́ hù ni o." Ẹ jọ̀ọ́, eyín kì í mú ọmọ ṣu omi. Àsìkò tí eyín ń hù yẹn náà ni ọmọ ń rákò, tó ń kó gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọlé.

Omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ náà jáde ló sáàbà ń pa ọmọ, torí náà ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ojú ẹ̀ ti jìn wọnú? Tó bá ń sunkún, ṣé omi ń jáde lójú ẹ̀? Àwùjẹ̀ ẹ̀ ńkọ́, ṣé òun náà ti jìn wọnú? Ẹ wá rọra fi ìka méjì fa awọ ikùn ẹ̀ sókè, láàárín ìdodo sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Awọ tó lómi, wéré ló máa padà, àmọ́ tó bá ṣì dúró bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ po, tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó tẹ́, ọsibítù ló kàn, ì báà jẹ́ òru ì báà jẹ́ òjò. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá rọ jọwọrọ tí ò lè mu nǹkan kan, tàbí tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ ẹ̀.

Tí ò bá tíì dà bẹ́ẹ̀, ORS ni, ìyẹn ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. Gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì kan sínú omi lítà 1, ìyẹn ìgò omi 50cl méjì, omi tẹ́ ẹ ti sè tó ti tutù. Ẹ má pín sáṣẹ́ẹ̀tì sí méjì o, mo ti rí ìyá tó fi ìdajì pò ó nínú ife kan, iyọ̀ á pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ó léwu. Tí ò bá sí ORS nítòsí, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tó tẹ́ pẹrẹsẹ àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, omi lítà 1 náà ni. Gbogbo ìgbà tó bá ti yàgbẹ́, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2 á mu 50 sí 100ml, èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ á mu 100 sí 200ml, ṣíbí ṣíbí. Tó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ fi oògùn síńkì kún un, 20mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 (10mg fún ọmọ tí ò tíì pé oṣù 6), kódà tí ìgbẹ́ bá ti dá, ẹ lò ó tán. Ọmú ò gbọdọ̀ dúró. Tẹtra, ìyẹn kápúsù oògùn apakòkòrò tẹ́ ẹ máa ń tú sínú ẹ̀kọ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má sì fún un ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró. ORS tẹ́ ẹ pò láná, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ po tuntun.