Awọ ₦1,500 ló tún éà-gọ́ọ̀nù bàbá mi ṣe, lẹ́yìn tí ₦40,000 ti lọ

Ẹni tó bá ní éà-gọ́ọ̀nù (ìbọn tó ń fi afẹ́fẹ́ ti ọta jáde) àtijọ́ nílé tí kò yìn dáadáa mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ ka èyí ná. ₦40,000 ló bọ́ lọ́wọ́ mi, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Diana 27 ni wọ́n ń pe ìbọn tiwa, ti bàbá mi ni, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ní ìlú Rastatt, ó sì ti pẹ́ tí wọn ò ti ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ìwé àṣẹ ẹ̀ wà lọ́wọ́ bàbá mi o, torí òfin ìbọn 1959 ka éà-gọ́ọ̀nù mọ́ èyí tó gba láísẹ́ǹsì, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Òun la fi ń bá ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń dá kòkó lu jà lóko wa lọ́nà Ìdó. Nígbà tó yá, ọta á kàn jáde bí ìgbà téèyàn tutọ́, á bọ́ sílẹ̀ níwájú wa níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ ní sá.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé e fún gba ₦8,000, ó ní òun ti ṣe sẹ́vísì ẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló dà sí i! Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fún pọ̀ nínú ìbọn yẹn máa ń gbóná gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, ọ́ìlì tó bá wà níbẹ̀ á gbiná, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ó ń dún gbàù gbàù, wọ́ṣà awọ tó wà lórí písítìnì tó ti gbó tẹ́lẹ̀ wá jóná pátápátá. Ẹnì kejì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i, ó ní òun ní wọ́ṣà ẹ̀ gan-an, ₦32,000. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi dúró. Ìgbà tó dé, rọ́bà ni, ó tún fi 2 mm kéré. Mo pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá nǹkan wé e lára." Látìgbà yẹn kò gbé fóònù mi mọ́.

Bí mo ṣe ń ronú kiri ni mo bá bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa ní Ọjẹ́, n'Ìbàdàn, wọ́n tú pọ́ǹpù wọn sílẹ̀. Mo wo inú ẹ̀, awọ kékeré kan tó rí bí ife ló wà níbẹ̀, òun ló ń ti afẹ́fẹ́. Mo ní, "Bàbá, ta ló bá yín ṣe eléyìí?" Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni, àwọn á rẹ awọ sómi, àwọn á kì í bọ inú irin. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni. Nǹkan kan náà ni pẹ̀lú wọ́ṣà ìbọn wa!

Títú ìbọn yẹn ò le, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀, sípíríǹgì inú ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ẹ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó yọ ohun tó dá a dúró torí ó lè fọ́ èèyàn lójú. Ọ̀gá kan tó ń gbẹ́ irin ní Gate bá mi ṣe òrùka irin kan àti ọ̀pá tó máa ti awọ bọ inú ẹ̀, ₦3,500.

Awọ gan-an ló fìyà jẹ mí. Ògùnpa ni mo ti ra ti àkọ́kọ́, awọ bàtà, dúdú, ó ń dán, ó nípọn. Mo rẹ ẹ́, mo kì í bọ òrùka, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Mo yọ ọ́ láàárọ̀, ó rí bí ife lóòótọ́, inú mi dùn, mo gbé e sórí tábìlì kí n lọ wẹ̀, kí n tó padà ó ti tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan. Mo tún un ṣe. Ó tún tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta mo so ó mọ́ inú òrùka fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo yọ ọ́, kò ju wákàtí méjì lọ tó fi tún tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀sẹ̀ kan lọ báyẹn, ó sún mi débi pé mo fẹ́ ju ìbọn náà pa mọ́ sí àjà.

Sábó ni mo ti rí ọ̀nà àbáyọ. Màlámù kan tó ń rán àkọ̀ ọ̀bẹ gba awọ yẹn lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe eléyìí, kò lè dúró." Ó gé awọ màlúù kan fún mi, pupa rúsúrúsú, wọ́n fi èso igi kan tí wọ́n ń pè ní bagaruwa ṣe é, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní òkè Ọya. ₦1,500 péré. Irú awọ yìí, tó bá ti mu omi, ó máa ń rọ̀, bó bá sì ṣe rí nígbà tó ń gbẹ ló máa rí lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ lò o, èmi fi omi gbígbóná ba ègé kan jẹ́, ó sún kì, ó le bí pákó. Bí mo ṣe ń tì í bọ òrùka, etí ẹ̀ ń ká jọ wínníwínní, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dán. Ọjọ́ méjì lábẹ́ òjìji, kì í ṣe oòrùn. Mo fi bíléèdì gé etí ẹ̀, mo fi ọ̀rá màlúù díẹ̀ pa á.

Nígbà tí mo dá a padà sínú ìbọn, èéfín díẹ̀ jáde níbi ọta mẹ́rin àkọ́kọ́, ó sì dáwọ́ dúró. Mo gbé agolo mílíìkì sí ogún ìṣísẹ̀, ọta wọ ìhà kan ó gba ìhà kejì jáde. Bàbá mi gba ìbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń na ìka wọn bọ ihò agolo yẹn.

Awọ Màlámù ṣì kù, mo ti fi ṣe wọ́ṣà méjì sí i, wọ́n wà nínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àṣẹ.